Màmá Ní Òun Gbàgbọ́: Àríyànjiyàn Lórí Ọ̀nà àti Èrèdí Ìwádìí Àwùjọ

   

Lẹ́tà tí ẹgbẹ́ yín kọ sí mi ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí èdèàìyedè tó wà láàárín àwọn onímọ̀ nípa ọ̀nà tí à ń gbà wádìí àwùjọ ẹ̀dá, àti ohun tí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ wà fún. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní yunifásítì, bí ìjà àwọn àgbààgbà ilẹ̀ Yúróòpù tó ti kú ló máa ń rí létí ọmọ ilé ìwé. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibòmíràn. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tí à ń wádìí rẹ̀ ní ọ̀nà ìwádìí tirẹ̀, àyè ìjókòó sì tọ́ sí i níbi tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń jiyàn. Ó ná mi ní ọdún púpọ̀ kí n tó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ní Ìbàràpá

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní àwọn ọdún 1980 tí wọ́n gbà wá láti gbé ìwé ìbéèrè kiri àwọn abúlé kan ní Ìbàràpá. Sobìà ni iṣẹ́ náà dá lé. Ẹ̀yin àgbà tó wà níhìn-ín mọ sobìà. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ dúpẹ́ pé ẹ kò mọ̀ ọ́n. Aràn gígùn ni, ó funfun bí òwú, a sì máa gba ẹsẹ̀ tàbí orúnkún yọ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á fi igi tín-ín-rín ká a lójoojúmọ́, pẹ̀lú sùúrù, kó má baà já sínú. Àsìkò iṣẹ́ oko gan-an ló sábà máa ń yọ. Àgbẹ̀ á wà lórí ẹní fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, koríko á máa bo iṣu rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Mo dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan, ó fún mi ní àpótí, mo jókòó. Ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè ìbẹ̀rẹ̀ lórí ìwé mi ni iye ọmọ tó bí. Mo bi í. Ó wò mí títí.

“Ọmọ mi, àwọn tí Ọlọ́run fún mi náà ni wọ́n.”

“Màmá, ẹ má bínú, wọ́n ní kí n kọ iye wọn ni.”

“Ṣé ìwọ náà ò rí wọn ni?”

Mo wo ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọmọ márùn-ún ló wà níbẹ̀. Mo kọ 5. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ; láti kékeré ni mo ti mọ èèwọ̀ yìí, ìyá tó bí mi kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni ka àwa náà. Ṣùgbọ́n ìwé tó wà lọ́wọ́ mi fi àyè sílẹ̀ fún iye, kò fi àyè sílẹ̀ fún èèwọ̀. Nígbà tí oòrùn wọ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan sìn mí sọ́nà. Òun ló wá sọ fún mi pé méjì nínú àwọn ọmọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn jẹ́ ti orogún màmá òun tó ti ṣaláìsí, pé mẹ́rin nínú àwọn tí màmá fúnra wọn bí ń bẹ ní Ìbàdàn àti Èkó, pé àwọn mìíràn sì wà tí wọn kò dúró, tí wọn kì í dárúkọ wọn. Mi ò padà lọ tún ìwé náà ṣe. 5 yẹn ló wọ inú àkójọ.

Ìbéèrè mìíràn tẹ̀lé e: “Ǹjẹ́ ẹ gbàgbọ́ pé omi adágún tí ènìyàn ń mu ló ń fa sobìà?” Màmá dáhùn wéré. “Mo gbàgbọ́. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ń sọ ọ́.” Mo fa igi sí ibi tí wọ́n kọ “Bẹ́ẹ̀ ni” sí. Nígbà tí wọ́n ṣe ìròyìn iṣẹ́ náà tán, wọ́n ka Màmá mọ́ àwọn tó mọ ohun tó ń fa àrùn. Síbẹ̀, lọ́jọ́ kejì tí mo kọjá lọ́nà odò, mo rí i tó ń pọnmi nínú adágún kan náà, kò sì fi aṣọ sẹ́ ẹ. Ẹni tó ṣe olórí wa ní iṣẹ́ náà ní oríkunkun ni: wọ́n mọ̀, wọn kò kàn fẹ́ ṣe é ni. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí títí di òní.

Ìjà àwọn baba

Ẹ jẹ́ ká fi Màmá sílẹ̀ díẹ̀ ká lọ wo àwọn tó kọ́ wa ní ìwé ìbéèrè. Ní ọdún 1883, Carl Menger, ọ̀jọ̀gbọ́n ètò ọrọ̀ ajé ní Vienna, tẹ ìwé kan jáde. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ lóye ọjà àti owó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ènìyàn kọ̀ọ̀kan àti ohun tó ń fẹ́, kí ó wá ti ibẹ̀ fa òfin tó dúró sí ibi gbogbo yọ. Gustav Schmoller ní Berlin kò gbà. Lójú tirẹ̀, ọjà orílẹ̀-èdè kan kì í ṣe ọjà òmíràn. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ kó ìtàn, òfin àti àṣà jọ kí a tó la ẹnu sọ̀rọ̀ òfin. Ó bu ẹnu àtẹ́ lu ìwé Menger. Menger fi ìwé kékeré kan tó gbóná fèsì ní 1884. Nígbà tí èyí dé ọwọ́ Schmoller, kò yẹ̀ ẹ́ wò rárá: ó dá a padà fún ẹni tó kọ ọ́, ó sì tẹ lẹ́tà tó fi dá a padà sínú jọ́nà tó ń bójú tó.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni pé ìjà yẹn parí sí ọwọ́ ẹni kan tàbí èkejì. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ó kàn ń pààrọ̀ aṣọ ni. Ní ilẹ̀ Faransé, Émile Durkheim kọ ọ́ ní 1895 pé kí a máa wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láwùjọ bí a ṣe ń wo nǹkan tó wà níta wa. Ní 1897, ó fi iye àwọn tó gbẹ̀mí ara wọn hàn wá pé ikú tó dà bí ọ̀rọ̀ àṣírí ẹni kan ṣoṣo ní í ṣe pẹ̀lú bí ẹ̀sìn àti ìdílé ṣe so ènìyàn pọ̀. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ní 1967, Jack Douglas ní Amẹ́ríkà béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé ní agbo ilé Yorùbá ì bá ti béèrè: ta ló ń kọ ọ́ sínú ìwé pé báyìí ni ẹni yìí ṣe kú? A mọ irú ikú tí ìdílé kì í sọ síta. A mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé àìsàn ráńpẹ́ ni. Ibi tí ìtìjú bá ti pọ̀ jù, ibẹ̀ ni iye yóò ti kéré jù, láìjẹ́ pé ikú kéré níbẹ̀. Nọ́ńbà tí à ń pè ní nǹkan tó wà níta wa, ẹnu àti ojú ènìyàn ló gbà kọjá kó tó di nọ́ńbà.

Max Weber ní Jámánì wá ọ̀nà àárín: kí a lóye ohun tí ìwà kan jẹ́ lójú ẹni tó ń hù ú, kí a sì tún wádìí ohun tó fà á. Peter Winch, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ ní 1958. Ó ní ìwà ẹ̀dá dà bí eré tó ní òfin tirẹ̀. Ẹni tí kò mọ òfin ayò kò lè sọ pé ta ló jẹ.

Lẹ́yìn náà ni Tübingen dé. Ní oṣù kẹwàá 1961, àwọn onímọ̀ àwùjọ ilẹ̀ Jámánì pé jọ síbẹ̀, Karl Popper sì to èrò rẹ̀ sílẹ̀ ní kókó 27. Ó ní ìṣòro ni ìmọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe àkójọ. A ó dá àbá, a ó gbé e síta kí ẹlòmíràn gbìyànjú láti bì í wó, èyí tí kò bá wó ni a ó máa mú lò fún ìgbà díẹ̀. Theodor Adorno fèsì pé òun gbà púpọ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ gbólóhùn wa nìkan kọ́ ló ń ta ko ara rẹ̀, àwùjọ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ń ta ko ara rẹ̀. Àtakò tó bá dá dúró lórí gbólóhùn, tí kò dé orí bí a ṣe ń gbé ayé, kò tíì débi tó ń lọ. Ohùn àwọn méjèèjì rọ̀ ju bí àwọn tó wà níbẹ̀ ti rò lọ. Lẹ́yìn wọn ni Hans Albert àti Jürgen Habermas wá gbé e dé ibi tó gbóná.

Ibi tí mo dúró nìyí. Mo gbà pẹ̀lú Popper pé àbá tí a kò lè bì wó kò yẹ ká gbára lé. Ìbéèrè mi ni pé, ta la fún ní àyè láti bì í wó? Ní Ìbàràpá, a kò ka ìròyìn wa sí etí ẹnì kan nínú àwọn tí a kọ nípa wọn. Mo sì gbà pẹ̀lú Adorno pé ohun kan ti bàjẹ́ níbi tí a ti lè ka gbogbo ẹsẹ̀ tí sobìà gbà yọ, kí a má sì kọ ọ́ síbì kankan pé abúlé náà kò ní kànga.

Mọ̀ àti gbàgbọ́

Ilé Ifẹ̀ ni mo ti rí ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ Màmá, nínú ìwé tí kò dá lórí sobìà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣáájú ìwé náà: ní 1967, Robin Horton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ní Nàìjíríà, kọ àpilẹ̀kọ kan tó gbajúmọ̀. Ó bu iyì fún èrò àwọn baba wa: ó ní bí sáyẹ́ǹsì ṣe ń wá ohun tó fara sin lẹ́yìn ohun tí ojú rí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà ń ṣe. Àmọ́ ó ní èrò wọn jẹ́ ilé tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀, pé wọn kò mọ̀ pé èrò mìíràn lè wà.

Barry Hallen àti Ọ̀jọ̀gbọ́n J. Olubi Sodipo, tí àwọn méjèèjì ń kọ́ni ní yunifásítì Ifẹ̀ nígbà náà, gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n lọ jókòó ti àwọn oníṣègùn ní Èkìtì, wọ́n sì bá wọn jíròrò ní èdè Yorùbá. Alábàáṣiṣẹ́ ni wọ́n ka àwọn oníṣègùn náà sí. Ìwé wọn jáde ní 1986. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n tú palẹ̀: mọ̀ àti gbàgbọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ méjì tó dà bí ẹnikejì wọn, gbogbo wa la sì ń túmọ̀ wọn síra wọn láìronú. Ohun tí àwọn oníṣègùn sọ ni pé ẹni tó bá ní òun mọ nǹkan gbọ́dọ̀ ti fi ojú ara rẹ̀ rí i, kí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí ohun tí ojú rí. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, tí olùkọ́ fi kọ́ wa, tí a kà nínú ìwé, a gbà á, a gbọ́ ọ: ìgbàgbọ́ ni. Ó lè jẹ́ òtítọ́. A lè yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì di ìmọ̀. Ṣùgbọ́n títí a ó fi yẹ̀ ẹ́ wò, ìròyìn ò tó àfojúbà.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Pé ìlú kan ń jẹ́ Tübingen, ìgbàgbọ́ ni fún mi, mi ò dé ibẹ̀ rí. Púpọ̀ nínú ohun tí ilé ìwé ń pè ní ìmọ̀, àwọn oníṣègùn yẹn kò ní fi orúkọ yẹn pè é. Òṣùwọ̀n tiwọn le ju tiwa lọ. Ẹni tí Horton rò pé ilẹ̀kùn rẹ̀ tì ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń bi ọ̀rọ̀ pé ta ló rí ọ.

Nígbà tí mo ka ìwé yẹn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ Màmá ni ọkàn mi lọ. “Mo gbàgbọ́. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ń sọ ọ́.” Kò purọ́ fún mi, kò sì ṣorí kunkun. Ó sọ fún mi gan-an bí ẹ̀rí ọ̀rọ̀ náà ṣe lágbára tó: ẹ̀yin lẹ wí, mo gbà, mi ò tíì rí i. Báwo ni ì bá sì ṣe rí i? Ẹni tó bá mu omi adágún lónìí, nǹkan bí ọdún kan ni sobìà yóò fi dàgbà nínú ara rẹ̀ kó tó yọ. Ta ló lè fi ojú so omi èṣí pọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ọdún yìí? Ọ̀pọ̀ àgbà àdúgbò náà gbà pé sobìà ti wà nínú ẹran ara gbogbo ènìyàn láti inú oyún, pé ohun kan ló máa ń rú u sókè. Ohun tí wọ́n fojú rí kò ta ko èyí. Àwa la fi “gbàgbọ́” túmọ̀ ìbéèrè, tí a sì fi “mọ̀” ka ìdáhùn.

Kì í ṣe pé mo gba gbogbo ohun tó wà nínú ìwé náà. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, a máa ń sọ pé “mo mọ̀ pé yóò wá,” nígbà tí ẹni náà kò tíì dé. Kò sí ẹni tó fojú rí ọ̀la. Ọ̀rọ̀ oníṣègùn, tó jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ láti ṣọ́ ẹ̀rí, lè le ju ọ̀rọ̀ ọjà lọ. Ohun kan tún wà: orúkọ àwọn àgbà wọ̀nyẹn kò jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Odera Oruka ní Kenya ṣe yàtọ̀. Òun tẹ orúkọ àwọn àgbà tó bá sọ̀rọ̀ sínú ìwé rẹ̀ ní 1990, ó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kálukú dúró lórí ẹsẹ̀ ẹni tó sọ ọ́. Ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ́ún; ó dáa ká mọ orúkọ oníkàn pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ wa lẹ́nu ayé

Àwọn kan ní kí a má dúró lórí kí a máa fi ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣàlàyé Yorùbá nìkan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akinsola Akiwowo dúró níwájú àwùjọ ní Ifẹ̀ ní 1980, ó sì fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìṣíde rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí àjọbí àti àjọgbé: okùn ẹ̀jẹ̀, àti okùn tó so àwọn tí kò bára tan ṣùgbọ́n tí wọ́n jọ ń gbé. Ní 1986, nínú jọ́nà àgbáyé tí àwọn onímọ̀ àwùjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún náà, ó mú àsùwàdà wá láti inú ẹsẹ̀ Ifá. Ó ní ìwà ṣíṣù pọ̀ ni ẹ̀dá fi ń jẹ́ ẹ̀dá, pé èrò yìí lè sin onímọ̀ àwùjọ níbikíbi. Moses Makinde gbé e yẹ̀ wò ní 1988. Ní 1990, O. A. Lawuyi àti Olufemi Taiwo, àwọn náà ọmọ Yorùbá, ní ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ náà kò tíì dúró sójú kan, pé a kò tíì rí i kí wọ́n ṣàlàyé nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. Akiwowo fèsì ní 1991. Ìjà rere ni, mo sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní gbogbo rẹ̀. Ohun kan ló ń bà mí nínú jẹ́: èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ja gbogbo rẹ̀. Babaláwo tó ni ẹsẹ̀ Ifá kò lè dá sí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ Ifá.

Ẹ̀yin ìyá wa yóò nífẹ̀ẹ́ sí ti Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1997, ó ní kí òyìnbó tó dé, ọjọ́ orí ló ń pín Yorùbá sí ipò, kì í ṣe akọ àti abo. Ó tọ́ka sí “ó” wa tí kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin, àti bí obìnrin tí wọ́n bí nínú agbo ilé ṣe ń jẹ́ ọkọ fún ìyàwó tí wọ́n gbé wá. Bibi Bakare-Yusuf kò gbà: ohun tí èdè kò sọ lè máa ṣẹlẹ̀ nínú ilé. Mo wà lẹ́yìn àwọn méjèèjì dé àyè kan. Ọ̀rọ̀ ni ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí kò bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé, fèrèsé ló ń gbà yọjú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà kò tíì rí ẹni tó ń gúnyán àti ẹni tí wọ́n ń gbé e fún.

Ohun tí ìwádìí wà fún

Kí ẹnikẹ́ni má lọ sílé kó sọ pé mo ní kíkà kò dára. Nígbà tí wọ́n wá sobìà kiri gbogbo Nàìjíríà láti abúlé dé abúlé ní 1988, àwọn tí wọ́n rí lé ní 650,000. Láìsí nọ́ńbà yẹn, kò sí ẹni tí ì bá gbà pé àrùn àwọn ará oko tó ohun tí ìjọba ń náwó lé. Òǹkà ló fi ìyà wọn hàn. Òǹkà oṣooṣù ló sì ń sọ abúlé tó kù. Ní 2008, a rí aláìsàn tó kẹ́yìn. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ọwọ́ sí i pé sobìà ti tán nílẹ̀ wa.

Ṣùgbọ́n òǹkà kọ́ ló mú kí àwọn ènìyàn máa fi aṣọ sẹ́ omi. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kan ṣe ohun tí àwa kò ṣe. Wọ́n bu omi adágún sínú ìgò funfun, wọ́n gbé e sókè sójú oòrùn, wọ́n ní kí àwọn ará abúlé wò ó. Kòkòrò wínníwínní ń fò nínú rẹ̀. Wọ́n fi aṣọ sẹ́ ẹ lójú gbogbo wọn, wọ́n tún gbé e sókè, kò sí kòkòrò mọ́. Ojú rí i. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera tó wà níhìn-ín, tí ẹ ṣe iṣẹ́ yẹn ní ìgbà tí kò sí ọkọ̀, tí kò sí owó oṣù tó gúnmọ́, ẹ̀yin lẹ fi ọ̀wọ̀ fún òṣùwọ̀n Màmá. Ó béèrè ẹ̀rí tó yẹ ìmọ̀, ẹ sì mú un wá bá a.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń múra àtikọ àpilẹ̀kọ oyè yín. Ẹ gbé ìbéèrè yín fún àgbà méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sọ fún yín ohun tí wọ́n gbọ́. Bí ẹ bá parí, ẹ padà lọ kà á fún wọn ní èdè tí wọ́n fi dá yín lóhùn, kí ẹ sì kọ àtakò wọn sínú ìwé náà pẹ̀lú, kódà bí olùkọ́ yín bá ní kò sí àyè. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ẹ̀ka tí mo wà pé kí ó di ọ̀ranyàn. Wọn kò tíì gbà. Mi ò tíì dákẹ́.



    Ìyá tó fún mi ní àpótí ní Ìbàràpá, mi ò lè dárúkọ rẹ̀ fún yín, nítorí nọ́ńbà ilé ni ìwé ìbéèrè ní kí n kọ, mi ò sì béèrè orúkọ. Mo kí i níbikíbi tó bá wà. Mo kí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó sìn mí sọ́nà lálẹ́ ọjọ́ náà, tó sọ iye tó tọ́ fún mi.